Irin kan, orúkọ mẹ́wàá: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ti irin sókè orí



Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, dé ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ Côte d'Ivoire, débi pé wọ́n ń gbọ́ Faransé nínú ọjà Èjìgbò fúnra rẹ̀. Òun náà wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣòwò. Tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, ó máa ń fẹ́ lọ gbé irin, bó ṣe máa ń ṣe nílé.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé jíìmù, ẹni tó ń kọ́ wọn níbẹ̀ nawọ́ sí irin gígùn kan, ó ní kó ṣe "développé militaire", ìgbà mẹ́wàá, ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọ náà gbọ́ "militaire", ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ni. Ṣùgbọ́n kí ni ti ṣọ́jà nínú ọ̀rọ̀ ejìká?

Ó wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Onítọ̀hún gbé irin sẹ́yìn ọrùn, ó ń tì í lọ sókè. Òun náà bá gbé tirẹ̀ sẹ́yìn ọrùn. Kò mọ̀ pé "développé nuque" ni ẹni yẹn ń ṣe, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọrùn. Iwájú, lókè àyà, ni ti ṣọ́jà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àpèjúwe ni ọmọ yìí. Àṣìṣe irú tirẹ̀ wọ́pọ̀, ejìká ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Fún ẹni tó ń fi apá jẹun, tó ń gbé ọjà sókè tó ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ejìká tó bàjẹ́ lè dá oúnjẹ òòjọ́ dúró.

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn orúkọ eré ìmárale náà ní ilé tí wọ́n ti wá. Ẹni tí kò bá mọ ilé náà lè gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ejìká?

Kò sí oríkèé mìíràn lára èèyàn tó lè yí tó ejìká. Orí egungun apá rí roboto, kòtò tó jókòó sí kò sì jìn. Ẹ wò ó bí ọsàn tí wọ́n gbé lé orí àwo kékeré: ó rọrùn láti yí i, ó sì rọrùn kó yọ̀ kúrò níbẹ̀.

Iṣan kéékèèké mẹ́rin ló yí oríkèé náà ká, àwọn ló ń di ọsàn yẹn mú sójú àwo. Lórí wọn ni iṣan ńlá ejìká wà, èyí tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta: ti iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn.

Bí èèyàn bá ti irin sókè orí, ti iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ti ẹ̀gbẹ́ ń ràn án lọ́wọ́, iṣan tó wà lẹ́yìn apá sì ń na ìgunpá tán. Egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ejìká gbọ́dọ̀ yí sókè kí apá lè rí ààyè kọjá. Ikùn, ẹ̀yìn àti ìdí ni òpó tó ń gbé gbogbo ilé náà dúró.

Nítorí náà, ìyípadà kékeré nínú ibi tí irin ti gbéra, tàbí nínú bí ọwọ́ ṣe dì í mú, lè gbé iṣẹ́ kúrò lára iṣan kan lọ sára òmíràn. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ta ló sọ ọ́ ní ti ṣọ́jà?

"Military press" ni àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, "développé militaire" ni ti Faransé. Ìdúró ṣọ́jà níwájú ọ̀gá rẹ̀ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí: gìgísẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, ẹ̀yìn nà ṣánṣán, orúnkún kò tẹ̀. Irin wà níwájú, lókè àyà. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ nìkan yóò ti tì í títí ìgunpá yóò fi nà tán lókè orí.

Lónìí, ọ̀pọ̀ jíìmù ló ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi irin gígùn tì sókè ní "military". Ẹsẹ̀ lè pa pọ̀, ó lè yà. Èèyàn lè dúró, ó lè jókòó. Àwọn tó fẹ́ yẹra fún ìdàrúdàpọ̀ máa ń pe èyí tí ẹsẹ̀ kò bá dá sí rárá ní "strict press". "Overhead press" àti "shoulder press" ni orúkọ ìdílé tó kó gbogbo wọn pọ̀.

Ti Faransé tún ní ọ̀fìn tirẹ̀. "Développé" nìkan kò sọ pé òkè orí ni irin ń lọ. "Développé couché" ni ti ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, tó ń ti irin kúrò láyà, iṣan àyà ni ìyẹn sì ń kọ́ jù. "Développé incliné" ni ti bẹ́ǹṣì tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé "développé" ni kí ẹ tẹ́tí sí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan kò tíì mọ ibi tí irin ń lọ.

Orúkọ tó dúró, ìṣe tó yí padà

Ìtàn kan wà tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Láti ìdíje Olympics ọdún 1928 ní Amsterdam títí dé ti ọdún 1972 ní Munich, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń díje nínú gbígbé irin. Títi irin sókè wà lára wọn. Èkejì ni "snatch", tí Faransé ń pè ní "arraché", níbi tí irin ti ń kúrò nílẹ̀ lọ sókè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta ni "clean and jerk", ìyẹn "épaulé-jeté" lédè Faransé, níbi tí irin ti ń kọ́kọ́ dúró lórí ejìká kó tó fò lọ sókè.

Òfin títi irin sókè rọrùn láti fẹnu sọ. Eléré ìdárayá yóò gbé irin sí ejìká, yóò nàró ṣánṣán, yóò dúró de àmì adájọ́, yóò wá fi ọwọ́ tì í sókè. Kò gbọdọ̀ tẹ orúnkún. Kò gbọdọ̀ fẹ̀yìn sẹ́yìn jù.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bí irin sì ṣe ń wúwo sí i, àwọn eléré wá ọgbọ́n dá. Wọ́n ń fi ìbàdí ta irin náà bí ẹni ta ọfà. Wọ́n ń tẹ̀ sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n wà, tí iṣan àyà wá ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ejìká ṣe. Adájọ́ kan á ní ó dára, èkejì á ní kò dára. Nígbà tó fi máa di 1972, Vasily Alekseyev ti Soviet Union ti ti irin tó ju 230 kg lọ sókè.

Lẹ́yìn Munich, àjọ tó ń darí eré náà yọ títì kúrò. Méjì tó kù ni wọ́n fi ń díje títí dòní. Orúkọ náà lo ọdún 44 láìyí padà, ṣùgbọ́n ìṣe tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di nǹkan mìíràn, àwọn adájọ́ kò sì lè fẹnu kò lé e lórí mọ́.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láyè láti gbé irin ní Olympics, ní Sydney lọ́dún 2000, méjì yẹn ni wọ́n ṣe. Ruth Ogbeifo ti Nàìjíríà gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìsọ̀rí 75 kg. Àpapọ̀ 245 kg ló gbé, iye kan náà tí María Isabel Urrutia ti Colombia gbé láti gba góòlù. Òṣùwọ̀n ara Urrutia tó fúyẹ́ ju tirẹ̀ lọ ló fún un ní ipò kìíní.

Àwọn tí wọ́n fi orúkọ wọn sọ irin

Àwọn orúkọ kan kò sọ ohunkóhun nípa ìṣe náà. Orúkọ èèyàn ni wọ́n, ẹni tí kò bá sì mọ ìtàn kò lè fi ọgbọ́n orí mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

"Arnold press" gba orúkọ Arnold Schwarzenegger, ọmọ Austria tó gba Mr. Olympia nígbà méje, tó sì tún di òṣèré fíìmù àti gómìnà California. Irin kékeré méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọwọ́ ń bẹ̀rẹ̀ níwájú àgbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ẹni tó ń gbé e. Bí irin ṣe ń lọ sókè, ọwọ́ ń yí, títí àtẹ́lẹwọ́ yóò fi kọjú síwájú.

"Bradford press" ni wọ́n so mọ́ orúkọ Jim Bradford, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó gba fàdákà ní Olympics ọdún 1952 àti 1960. Irin yóò gbéra níwájú, yóò kọjá lórí àtàrí díẹ̀ báyìí, yóò sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọrùn, yóò tún padà síwájú. Irin fífúyẹ́ ni wọ́n ń fi ṣe é.

"Z press" ni ti Žydrūnas Savickas, ọmọ Lithuania tí wọ́n dé ládé ọkùnrin tó lágbára jù lágbàáyé nígbà mẹ́rin. Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ẹni tó ń ṣe é máa jókòó sí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò sí ohun tó máa fẹ̀yìn tì. Bí ikùn àti ẹ̀yìn bá rọ̀, kíá ni irin yóò tú àṣírí.

"Sots press" jẹ́ ti Viktor Sots, agbérin ọmọ Soviet. Èèyàn á lóṣòó pátápátá, á wá máa ti irin sókè láti orí ìlóṣòó. Ẹni tí ìdí, kókósẹ̀ àti ejìká rẹ̀ kò bá rọ̀ dáadáa kò lè ṣe é.

Ẹnìkan tún wà nítòsí Bouaké gan-an. Ojú irin rélùwéè tó ti Abidjan wá, tó kọjá ní Bouaké, ń lọ títí dé Burkina Faso. Orílẹ̀-èdè yẹn ni Cheick Ahmed al-Hassan Sanou ti wá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Iron Biby. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nílùú Glasgow, ó gbé igi gẹdú ti àwọn alágbára, tó wúwo tó 229 kg, sókè orí. Kò sí ẹni tó gbé tó bẹ́ẹ̀ rí lágbàáyé nígbà náà. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin àtààbọ̀ kò wúwo tó o.

"Log press" ni wọ́n ń pè é. Òfin irú ìdíje yẹn sì fàyè gba kí ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ "press" yìí kan náà ni wọ́n fi kọ́ àwọn ará ìgbà Munich pé orúnkún kò gbọdọ̀ tẹ̀.

Ìbéèrè mẹ́rin tó ju orúkọ lọ

Kí wá ni èèyàn lè ṣe láàárín orúkọ tó pọ̀ báyìí, ní èdè méjì? Ìbéèrè mẹ́rin péré ni. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn wọn ti mọ ohun tí ara rẹ̀ fẹ́ ṣe, ohun yòówù kí olùkọ́ pè é.

Èkíní: Níbo ni irin ti ń gbéra? Bó bá jẹ́ iwájú, irin yóò kọjá nítòsí ojú, orí yóò sì sún sẹ́yìn díẹ̀ láti fún un lọ́nà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọrùn, apá gbọ́dọ̀ ṣí sẹ́yìn dáadáa. Ejìká ọ̀pọ̀ èèyàn kò ṣí tó bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó ń tẹ̀ mọ́ tábìlì tàbí ọwọ́ ọkọ̀ látàárọ̀. Àwọn kan ń ṣe é láìsí ìṣòro, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: Báwo ni ara ṣe wà? Ẹni tó dúró ń lo gbogbo ara, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọwọ́. Ẹni tó fẹ̀yìn ti àga ti gbé díẹ̀ lára iṣẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ fún àga náà, ejìká nìkan ló wá kù tó ń jìjàkadì.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ẹsẹ̀ dá sí i? Bí orúnkún bá tẹ̀ díẹ̀, tó sì fi agbára ta irin sókè kí ọwọ́ tó parí iṣẹ́, "push press" nìyẹn. Bí èèyàn bá tún tẹ orúnkún nígbà kejì láti wọlé sábẹ́ irin, ó ti di "jerk", ìyẹn "jeté". Irin tó wúwo ju ti "strict press" lọ ni wọ́n lè fi ṣe méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tó bá fi iye kg ti "push press" lọ ṣe "strict press" ti wá wàhálà fún ejìká ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Kí ló wà lọ́wọ́? Irin gígùn kan so ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ tó lágbára lè máa bo ọwọ́ tó rẹ̀ láṣìírí. Irin kékeré méjì kò ní gbà bẹ́ẹ̀, oníkálukú ni yóò gbé tirẹ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní "landmine press": wọ́n á ti ìdí irin gígùn bọ igun ògiri, wọ́n á máa ti orí rẹ̀ lọ síwájú àti sókè. Nítorí pé kò lọ sókè ṣánṣán, ó máa ń rọ ejìká tó ń le lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an lè ràn wá lọ́wọ́ níbi. Èdè tó ní gbé, tì, já, jù, rù àti sọ̀ kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún irin. "Arraché" ni jíjá, bí ẹni já èso lórí igi. "Jeté" ni jíjù. "Strict press" ni títì láìsí ọwọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní jíìmù tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí ẹ tó fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé kún un.

Kí ẹ tó gbé e

Nọ́ńbà náà jẹ́ orúkọ, òun náà sì máa ń tan èèyàn. Kg ni wọ́n ń lò ní Bouaké, ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni ọ̀pọ̀ fídíò tó ń ti Amẹ́ríkà wá ń sọ. Bí ẹni inú fídíò bá ní 135 lòun gbé, nǹkan bí 61 kg ló ní lọ́kàn. Ẹ má sì gbàgbé irin gígùn fúnra rẹ̀ nínú ìṣirò: 20 kg ni ti àwọn ọkùnrin nínú ìdíje, 15 kg ni ti àwọn obìnrin.

Àwọn tó da sìmẹ́ǹtì sínú agolo méjì, tí wọ́n fi páìpù so pọ̀, ń ṣe dáadáa, ara kò mọ iye owó tí wọ́n ra irin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó gbé e sókè orí, kí wọ́n sì rí i pé ọ̀tún àti òsì dọ́gba.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe eré tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Ẹ mí síta bí irin ṣe ń lọ sókè. Bí èèyàn bá sé èémí pa lábẹ́ ẹrù, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè lójijì. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kí iṣan máa rẹ èèyàn kò burú. Ìrora tó mú bí abẹ́rẹ́ nínú oríkèé, apá tó ń kú tipiri, tàbí ejìká tí kò jẹ́ kéèyàn sùn lóru, àmì pé kí ẹ dúró nìyẹn. Ẹ lọ rí àwọn elétò ìlera.

Ní ọjọ́ kejì

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ́mọkùnrin tá a fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó padà lọ sí jíìmù lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ dà bí àwọn tí wọ́n ń pè ní "gros bras" níbẹ̀, àwọn alápá ńlá tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Olùkọ́ tún ní "développé". Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà kò wo ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé: "Coach, devant ou derrière?" Iwájú ni àbí ẹ̀yìn?

Olùkọ́ fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀ lókè, ó ní iwájú. Ọ̀rọ̀ parí. Ìbéèrè tí kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ ti gba ejìká kan là.

Bó bá sì di àárọ̀, tí ọmọ náà dé ọjà, yóò rí ìyá kan tó fẹ́ gbé agbọ̀n rù. Ìyá náà á tẹ orúnkún, á gbé agbọ̀n lé itan, á gbé e sí àyà, á wá pe ẹni tó wà nítòsí pé: "Bá mi gbé e rù." Ẹsẹ̀ ràn án lọ́wọ́, èèyàn ràn án lọ́wọ́, kò sì sí adájọ́ tó máa ní kò dára. Ìyá yẹn mọ ohun tó fẹ́ gbé, ó mọ ibi tó ń gbé e lọ, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó pe olùrànlọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé irin náà mọ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé tàbí Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.